Omi Inú Katakata Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn kan wà tí n kò lè gbọ́ kí n má dúró díẹ̀. Òórùn omi tó ti pẹ́ nínú irin ni, omi tí ìpẹtà ti sọ di pupa, tó wá dà pọ̀ mọ́ òórùn gáàsì àti ti ọ́ìlì àlòkù. Bí wọ́n bá tú ìdí rédíétọ̀ ọkọ̀ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàdàn, tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá ṣàn jáde, ara mi nìkan ló máa kù ní Ìbàdàn. Ọkàn mi á ti dé Ìwó, sí àgbàlá ilé wa, lábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí ọ̀nà Kuta, níbi tí katakata ẹ̀gbọ́n mi máa ń dúró sí. Ìwọ náà ti pẹ́ kúrò nílé, o mọ bí òórùn ṣe máa ń mú èèyàn lọ síbi tí kò múra láti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe olówó. Àgbẹ̀ ni, bíi ti bàbá wa, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti kórìíra ọkọ́. Ó máa ń sọ pé ẹ̀yìn òun kò lè tẹ̀ bí ẹ̀yìn bàbá wa ṣe tẹ̀. Nígbà tí oko ńlá kan lẹ́bàá Ilé-Ogbó kógbá wọlé, tí wọ́n ń ta ẹrù ibẹ̀, ó lọ ra katakata pupa kan tó ti gbó, tí ìjókòó rẹ̀ ti fàya débi pé àpò ìrẹsì ló fi tẹ́ ẹ. Gbogbo ilé ló bú u. Èmi tí mo jẹ́ mẹ́káníìkì bú u ju gbogbo wọn lọ, nítorí mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń wúkọ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Láàárín ọdún díẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò tíì bá túlẹ̀ láti Ìwó dé Kuta àti Ilé-Ogbó. Àwọn tó bú u ló wá ń yọ́ wá sílé wa lálẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fi oko tàwọn ṣáájú kí òjò tó rọ̀.

Rédíétọ̀ katakata náà ń jò. Kì í ṣe pé ó ń dà, ó kàn ń kán ni, díẹ̀díẹ̀, ní ojú ibì kan tí mo ti lẹ̀ títí tó fi sú mi. Nítorí náà, ní àràárọ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti kírun àsùbáà tán, á pọn omi sínú garawa, á gun orí táyà, á sì máa bu omi náà sí i títí á fi kún, kó tó ṣáná sí i. Ibẹ̀ ni fèrèsé yàrá màmá wa kọjú sí. Màmá á gbọ́ ìró garawa, á gbọ́ omi tó ń wọlé, á gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì máa kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kó tó wá dún dáadáa. Ìgbà yẹn ló máa ń dìde lórí ẹní ìkírun. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bí òun bá ti gbọ́ ohùn katakata, òun ti mọ̀ pé ọmọ òun jí ire. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ jáde láìkọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀ lọ́wọ́.

Àìsàn tó mú un kò ju ibà lọ lójú wa nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, òun ṣì ní ilẹ̀ tí òun fẹ́ lọ wò. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ìfun rẹ̀ ti lu. Ó kú láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí eruku funfun bo gbogbo ewé máńgòrò. A sin ín kó tó di àlàásárì ọjọ́ náà, bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. O mọ àṣà wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn àgbà obìnrin ilé mú màmá wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì jókòó tì í títí a fi padà dé. Kò rí ibi tí a gbé ọmọ rẹ̀ gbà, kò rí ilẹ̀ tí a gbẹ́. Kódà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nawọ́ sí apá ibẹ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n tún ń rọ̀ ọ́ pé kó má sunkún, pé Ọlọ́run ló fún un, Ọlọ́run náà ló gbà á. Nígbà náà, mo rò pé àánú ni àṣà náà ń ṣe fún un. Kò dá mi lójú mọ́.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, kí n tó padà sí Ìbàdàn, mo ṣe ohun tí mẹ́káníìkì máa ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì tó máa sinmi pẹ́. Mo yọ bátìrì rẹ̀. Mo ṣí táàpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kí omi inú rẹ̀ ṣàn, mo sì fi táàpù náà sílẹ̀ ní ṣíṣí kí inú rẹ̀ lè gbẹ pátápátá. Mo wá da tàpólì bò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn wà tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún màmá lọ́sẹ̀ náà, wọ́n mọ àdúà, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Èmi ò mọ ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ tí mo ṣe lára katakata yẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn ti ń parí lọ nígbà tí awakọ̀ akẹ́rù kan tó máa ń ná Ìwó sí Ìbàdàn yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní màmá ní kí n wá jí katakata ẹ̀gbọ́n mi, pé òun fẹ́ tún gbọ́ ohùn rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó jíṣẹ́ náà tán, ó sì bi mí bóyá mo ní bẹ́líìtì fáànù tó lè bá ọkọ̀ tirẹ̀ mu. Èmi ti jókòó sórí táyà kan. Òótọ́ ni pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹni tó lè máa bá a wa katakata náà, kí òun àti àwọn ọmọ lè máa rí nǹkan mú bọ̀ láti oko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oko ni màmá rán sí mi. Ohùn ló fẹ́ gbọ́.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó kú, ó ti sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì náà ń mu ọ́ìlì, pé èéfín rẹ̀ ti ń pàwọ̀ dà. Mo mọ ohun tó ń ṣe é: sílíìfù rẹ̀ ti gbó. Má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà ọ́. Sílíìfù kò ju kóńgò irin tí kò nídìí lọ. Mẹ́rin ni wọ́n nínú ẹ́ńjìnnì náà. Inú wọn ni písítìnì ti máa ń lọ sókè sódò, omi rédíétọ̀ sì máa ń yí wọn ká lẹ́yìn kí ooru má bàa pa wọ́n. Èyí tó bá gbó, wọn á fà á yọ, wọn á ti òmíràn bọ ojú ihò rẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún un pé n ó wá bá a pààrọ̀ wọn. Ìgbà náà nǹkan sì ti wọ́n, ìgbà tí a ń tò fún súgà àti mílíìkì alágolo ni, ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì kò wọ̀lú mọ́ bíi tẹ́lẹ̀. Mo wá títí kí n tó rí sílíìfù àlòkù mẹ́rin tí inú wọn ṣì ń dán. Mo dì wọ́n sínú àpò ìdọ̀họ, mo sì wọkọ̀ Ìwó.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó jẹ́ wẹ́dà, ló ń dúró dè mí lábẹ́ máńgòrò. Ọkùnrin títóbi ni, iná ti fi àpá sí apá rẹ̀ méjèèjì, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àbúrò, káàbọ̀," ó ní. "O ti sanra. Ìbàdàn gbà ẹ́."

Mo kí i, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé. Màmá kò sí nílé, ó ti lọ kí ẹnì kan tó bímọ ní àdúgbò kejì. Àwa méjèèjì ká tàpólì kúrò lórí katakata. Pupa rẹ̀ ti ṣá, aláǹtakùn sì ti takùn sí ara ìdarí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wo táàpù tí mo fi sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo bá a ní títì. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Nígbà tí mo yí i, omi tú jáde. Omi pupa, tó ki, tó ń rùn, ó kún abọ́ tí mo gbé sábẹ́ rẹ̀, ó sì kún àkúnya gba abẹ́ ẹsẹ̀ wa lọ sí ìdí máńgòrò. Òórùn tí mo sọ fún ọ nìyẹn.

"Ṣé o fa omi rẹ̀ lóòótọ́?" ni wẹ́dà bi mí.

"Mo fà á, ẹ̀gbọ́n. Ojú mi báyìí ló ṣe dà tán."

Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni tó máa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú. Bí wọ́n bá ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ẹnu mi kì í gbélẹ̀, gbogbo àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú òmùgọ̀ tó ṣe irú èyí, mo bú u láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo ní afọ́jú gan-an kò jẹ́ fi omi sílẹ̀ nínú irin tí kò ṣiṣẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohùn mi láti ìdí ààrò. Ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tètè dìde.

"Ará Ìbàdàn," ó ní, nítorí bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Màmá ni."

Ó wá rò ó fún wa níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó ní inú opó lòun wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òun kò jáde, òun kàn ń gbọ́ ìró garawa ní àárọ̀ ni, ẹ̀rù sì bà òun ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ jáde sí àgbàlá, ó rí i pé abẹ́ katakata tutù, omi tó kù ń kán látinú táàpù. Ó ní èmi ni mo gbàgbé, ó sì tì í pa. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ló gbọ́ lẹ́nu ààfáà kan níbi wáàsí pé kò sí sàárà tó ń tètè dé ọ̀dọ̀ òkú bí omi. Màmá wá gbé ìkòkò omi síta fún àwọn tó ń kọjá lọ sí Kuta. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú garawa rẹ̀, á gbé e lọ sí ìdí katakata. Kò lè gun táyà, nítorí náà, ó da odó kan dé, orí rẹ̀ ló máa ń dúró sí láti bu omi náà sínú rédíétọ̀, lẹ́yìn àsùbáà gan-an, gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ti máa ń ṣe.

"Nígbà tí mo jáde opó, mo ní kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ní, 'Wá wò ó, èyí tí mo bù sí i lánàá ti lọ sílẹ̀. Ó ń mu ún.'"

Mo wo ojú ibi tí rédíétọ̀ ti ń jò, ojú kan náà tí mo lẹ̀ títí tó sú mi. Ibẹ̀ ni omi náà ń bá lọ. N kò rí ẹni tí mo lè bú mọ́. Wẹ́dà yí ojú rẹ̀ sí apá ọ̀nà, ó ń wo ewúrẹ́ kan tó ń kọjá bí ẹni pé ewúrẹ́ náà gbé nǹkan rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo bẹ̀ yín."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí omi bá dúró pẹ́ láàárín sílíìfù àti ara ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà á so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Sílíìfù lè bàjẹ́ kó má sí wàhálà, mo ti ní òmíràn dání. Ara ẹ́ńjìnnì ni kò gbọdọ̀ sán, nítorí a kò lè rí òmíràn rà, ká tilẹ̀ dé Èkó. Bí a bá yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ara rẹ̀ má sán, katakata á dún, omi màmá á sì jẹ́ sàárà, bó ṣe rò ó. Bí ó bá sán, a jẹ́ pé màmá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun kan ṣoṣo tó kù fún un lára ọmọ rẹ̀. Mo ti yọ sílíìfù nínú ẹ́ńjìnnì tó pọ̀, kò sí èyí tí mo bẹ̀rù rẹ̀ tó ìyẹn.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò bá wa gbé ẹ́ńjìnnì náà sọ̀kalẹ̀ lé orí igi méjì lábẹ́ máńgòrò. A ṣí orí rẹ̀, a làágùn kí a tó yọ písítìnì, ṣùgbọ́n àwọn sílíìfù kò mì. A da kẹrosíìnì àti omi bíréèkì yí ẹnu wọn ká, a jẹ́ kí wọ́n rẹ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo gbẹ́ igi àpá kan kó lè ba ìdí sílíìfù mu, mo fi gbá a láti abẹ́ pẹ̀lú hámà ńlá. Ìró lásán ló dá mi lóhùn. Ìgbà yẹn ni màmá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, ó jókòó sí ìtòsí wa pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbẹ ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kéré.

"Ẹ rọra lù ú," ó ní. "Ẹni tó ni ín kì í lù ú báyẹn."

Wẹ́dà ní ká fi hámà sílẹ̀. Wọ́n fi ọmọlanke ti ẹ̀rọ tó fi ń jó irin pọ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lórí. Ó ti inú sílíìfù àkọ́kọ́ fi iná fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún fa òmíràn ní òdìkejì. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé bí irin tí iná kàn bẹ́ẹ̀ bá ń tutù, á máa fún pọ̀, á sì jọ̀wọ́ ohun tó lẹ̀ mọ́. A dúró, a ń gbọ́ bí ó ṣe ń ta pọ́ pọ́ bó ti ń tutù. Mo tún gbé igi àpá sí i, mo gbá a jẹ́jẹ́. Ó mì. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú fún ìpẹtà, ó ń ṣí bí èèpo. Mo yí ẹ̀yìn náà kúrò lójú màmá, mo sì fi àpò ìdọ̀họ bò ó.

"Ṣé ó ti fẹ́ jí?" ni màmá bi mí.

"Ó kù díẹ̀, màmá."

Èkejì jáde lọ́sàn-án náà, ẹ̀kẹta tẹ̀lé e kó tó di àlàásárì. Ara wẹ́dà ti yá, ó ti ń sọ fún màmá pé kó lọ mú adìẹ sílẹ̀ de òun, pé ẹni tó jí òkú kì í jẹ gàrí. Nígbà tó sọ ọ́ tán ni òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n màmá rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo ń wo ẹ̀rín yẹn, mo sì gbà nínú ọkàn mi pé a ti ṣe é.

Ẹ̀kẹrin ló wà lápá rédíétọ̀, níbi tí omi ti kọ́kọ́ ń wọlé. Wẹ́dà fa ìlà iná sí i, kò mì. Ó tún fà á, kò mì. A gbà láàárín ara wa pé kí a má fi agbára mú un, a tún rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, a ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀, wẹ́dà ń fi iná mú ara ẹ́ńjìnnì gbóná káàkiri kó lè fẹ̀ díẹ̀, èmi ń yí jáàkì, mò ń yí i bí ẹni tó ń fi ẹyin lé ọmọ lọ́wọ́. Mo gbọ́ ìró kan. Kò ju kí èèyàn ṣẹ́ igi ìṣáná lọ. Bí o bá jẹ́ mẹ́káníìkì, o ò ní bèèrè ohun tó jẹ́. Ìlà kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ti gba ojú ihò sílíìfù náà lọ sí ìta.

Wẹ́dà pa iná rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ gba orí ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Irin yìí kì í gba iná, àbúrò," ó ní jẹ́jẹ́. "Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ lónìí, ó máa là lọ́la."

Mo jókòó sílẹ̀. Ìbànújẹ́ tó bò mí nígbà náà ju ti ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi lọ, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo ní èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Níbí, irin ni mo di mú, irin náà sì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọwọ́ màmá dúró lórí tẹ̀sùbáà. "Ẹ ti dákẹ́," ó ní.

"Kò ní jí mọ́, màmá."

"Kí ló pa á?"

"Ọjọ́ ti pọ̀ lórí ẹ̀, màmá. Ó ti gbó kí ẹ̀gbọ́n mi tó rà á."

Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn méjèèjì, síbẹ̀ n kò lè wo ojú rẹ̀ nígbà tí mo ń sọ wọ́n. Màmá wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde, ó lọ síbi tí mo kó àwọn sílíìfù mẹ́ta sí, ó ká àpò kúrò lórí wọn. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọ̀kan, ìpẹtà sì bá ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó wo ìka rẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀, níbi tí omi ti gba abẹ́ katakata ṣàn lọ sí ìdí máńgòrò, tí ó ti gbẹ, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣì pupa.

"Omi mi nìyí," ó ní.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jáde wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ mú.

"Ó ń mu ún," ni màmá wí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. "Lójoojúmọ́ ni mò ń wò ó, ó ń mu ún. Mo ní kí òùngbẹ má gbẹ ẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tó wà. Ibi tí mo mọ̀ nìyí."

Ó wá sunkún. Ẹkún tí wọn kò jẹ́ kó sun ní ọjọ́ ìsìnkú ló sun níbẹ̀, lójú ọ̀sán, lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì tí a tú palẹ̀, kò sì sí àgbà obìnrin kankan níbẹ̀ láti ní kó dákẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Wẹ́dà, tó máa ń fi ayé ṣe yẹ̀yẹ́, bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Ohun tó sọ kò ju pé, "Màmá, kò sẹ́ni tó tọ́jú ẹ̀ tó yín." Mo lọ dì í lọ́wọ́ mú, ọwọ́ tí ìpẹtà wà, a sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àìlà.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló kó katakata náà lọ nígbẹ̀yìn. Kí n tó padà sí Ìbàdàn, màmá bi mí bóyá òun lè mú àwọn sílíìfù mẹ́ta tó jáde. Mo ní tiyín ni, màmá. Ó fi yanrìn àti kàìnkàìn fọ̀ wọ́n títí ara wọn fi ń dán, ó kó wọn lọ síwájú ilé, ó tò wọ́n ní igun mẹ́ta bí a ti ń to ààrò, ó wá gbé ìkòkò omi sàárà rẹ̀ lé wọn lórí. Ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń mì. Kò mì.

"Omi ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan níbí," ó ní.

Ó bu omi fún mi, mo mu ún lórí ìdúró kí n tó lọ wọkọ̀. Títí tó fi kú, kò jẹ́ kí ìkòkò náà gbẹ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ń ti oko Kuta bọ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n á sọ ẹrù wọn, wọ́n á mu, wọ́n á ṣàdúà fún ẹni tí omi náà wà fún, láì mọ ohun tó gbé ìkòkò dúró. Nígbà tí òun náà lọ, àwa ọmọ ló sin ín, a sì mọ ibi tó wà, nítorí ọmọ lè mọ ti ìyá. Mo kó àwọn sílíìfù náà wá sí Ìbàdàn. Wọ́n wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí pẹ̀lú ìkòkò lórí, àwọn oníbàárà mi sì rò pé ahun ni mí, pé n kò fẹ́ ra fíríìjì.

Ẹnu mi kò tíì rọ̀, o mọ̀ mí. Mo ṣì máa ń bú ẹni tó bá wa ọkọ̀ láìsí ọ́ìlì, mo sì máa ń bú ẹni tó bá ta ayédèrú ríìngì písítìnì fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì kan wá tó ti pẹ́ nílẹ̀, a ó tú u, a ó rí omi pupa níbi tí kò yẹ kí omi wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á kọ́kọ́ wo ojú mi, wọ́n á máa retí èébú. N kì í bú ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn mọ́. Mo máa ń bu omi fún ẹni tó gbé e wá, mo máa ń jẹ́ kó mu ún tán, kí n tó bi í pé ta ló kú nílé wọn.